Ìtàn Àròsọ Onígbàgbọ́ Tó Mọ́: Báwo La Ṣe Ń Dá A Mọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, fẹ́ràn ìtàn ayé àtijọ́, pàápàá ti Róòmù ìgbà àwọn àpọ́sítélì. Mo ra ìwé kan tí wọ́n kọ “inspirational” (ìyẹn ìwé onígbàgbọ́ tó ń gbéni ró) sí lẹ́yìn, àfi bí mo ṣe bá ọ̀rọ̀ orí ibùsùn pàdé nínú rẹ̀. Kí ni mo lè wò kí n tó náwó? Ṣé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kò sí ọlọ́jà tí í ní ọjà òun ò dára, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé. Ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wo orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́. Bethany House, Revell àti Tyndale, ilé ìtẹ̀wé onígbàgbọ́ ni wọ́n ní Amẹ́ríkà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá ìsọkúsọ nínú ìtàn wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìtàn náà dá lé. Redeeming Love ti Francine Rivers mú ìtàn wòlíì Hóséà lọ sí California ọdún 1850, ṣùgbọ́n aṣẹ́wó tí wọ́n tà láti kékeré ni ọmọbìnrin inú rẹ̀. Àgbàlagbà ló ni ín. Ẹ ṣọ́ ọdún rẹ̀ náà: ti 1991 jáde fún ọjà gbogbogbò, kì í ṣe ti onígbàgbọ́, ti 1997 ni wọ́n tún ṣe fún ọjà onígbàgbọ́.

Fún ọmọ yín, Ben-Hur ti Lew Wallace, tó jáde ní 1880, la ó kọ́kọ́ mú. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń jù ú sílẹ̀. Ìpín mẹ́jọ ni. Àwọn amòye láti ìlà-oòrùn ló gba ìpín kìíní, Judah, akọni ìtàn náà, ò yọjú títí di ìkejì. Kó fara dà á díẹ̀, eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń bẹ ní ìkarùn-ún! Quo Vadis ti Henryk Sienkiewicz, ọmọ Pólándì, dùn jù ú lọ lójú tiwa, iná tó jó Róòmù ní ọdún 64 sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àsè ọlọ́tí ààfin Nérò, olú ọba Róòmù, ò pẹ́ tó fi dé, ẹranko sì ń fa àwọn Kristẹni ya níwájú èrò. Ẹ jẹ́ kó di ọdún 16.

Bó bá fẹ́ èyí tó fúyẹ́, Love Comes Softly ti Janette Oke, ọdún 1979: opó aboyún kan fẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, torí kò ríbi forí pamọ́ sí.

Ọ̀fẹ́ wà. Ben-Hur àti Quo Vadis wà lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé àtijọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ mú EPUB (fáìlì ìwé orí fóònù) tí kò ní àwòrán, kò ní jẹ dátà púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n fi túmọ̀ Quo Vadis ibẹ̀, “thee” àti “thou” pọ̀ níbẹ̀. LibriVox, ìkànnì ìwé àfetígbọ́ ọ̀fẹ́, ń ka Ben-Hur síni létí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kà á. Ìwé Oke àti Rivers ṣì ní ẹni tó ni ín. Ẹ sá fún PDF ọ̀fẹ́ wọn, olè ni, ó sì lè gbé fáírọ́ọ̀sì wá sórí fóònù yín.

Ìbéèrè: Ṣé ti Yorùbá wà?

Ìdáhùn: David Hinderer, míṣọ́nnárì Ìbàdàn, túmọ̀ The Pilgrim’s Progress, ìwé John Bunyan, sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ojú àlá ni, kì í ṣe ìtàn ayé àtijọ́. Ẹ wá àkọsílẹ̀ Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn ní 1821. Ìyẹn kì í ṣe àròsọ rárá.