Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Àwo DVD Onípele Méjì Fẹ́ Sọ Mí Di Wèrè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo DVD kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n ká ayẹyẹ ọjọ́ ìbí 70 ọdún bàbá mi sí, ó ní mẹ́nù àti gbogbo ẹ̀, 7.3 GB ni kọ̀ǹpútà mi pè é. Òun nìkan ló kù, àpá sì ti ń pọ̀ lójú ẹ̀. Mo ra àwo onípele méjì tó ṣófo, mo kó fódà inú àwo bàbá mi sórí kọ̀ǹpútà, mo wá fi sọ́fítíwia tó bá dráìfù mi wá bọ́ọ̀nù ẹ̀, ìyẹn ni pé mo kọ ọ́ sórí àwo tuntun náà. Méjì ti ṣòfò báyìí, ọ̀kan kọ̀ láàárín ọ̀nà, èkejì parí àmọ́ tí fíìmù bá ti dé àárín, àwòrán á dì gbagidi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra sọ́fítíwia olówó, òmíì ní kí n kàn fún un pọ̀ kó lè wọ àwo onípele kan. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Èmi tí àwo ti sú.

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn, kẹ́ ẹ sì má tíì náwó. ImgBurn, sọ́fítíwia tó ń bọ́ọ̀nù àwo, ni kẹ́ ẹ lọ gbà, ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, 2013 ni ẹ̀dà 2.5.8.0 tó kẹ́yìn jáde, ojú ẹ̀ ò sì fani mọ́ra rárá, ó dà bíi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n àwo DVD fúnra ẹ̀ ò yí padà látìgbà yẹn, kí ló wá kù tí sọ́fítíwia fẹ́ yí padà? Ẹ ṣáà máa ka ohun tó bá ń bi yín lọ́wọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fi sórí kọ̀ǹpútà, torí àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ò bẹ̀ máa ń fẹ́ bá a wọlé, ẹ sọ pé rárá fún gbogbo wọn.

Kí ló dé tó jẹ́ pé àárín ni fíìmù yín ti ń há? Ipele méjì ló wà nínú àwo yẹn, ọ̀kan lórí èkejì. Iná lésà á bẹ̀rẹ̀ láti inú lọ sí etí, tó bá parí ipele àkọ́kọ́ á yíjú sí ìkejì, á wá máa padà bọ̀ wá sínú. Ibi tó ti yíjú yẹn ni wàhálà wà. Ègé-ègé ni wọ́n ṣe DVD fídíò, cell ni wọ́n ń pe ègé kọ̀ọ̀kan, ibi tí cell kan bá sì ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni lésà lè ti yíjú láìsí ìjà. Ó tún gbọ́dọ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ (àwọn àyè kéékèèké tí àwo pín dátà sí) tí 16 lè pín láìṣẹ́kù, ipele àkọ́kọ́ ò sì gbọ́dọ̀ kéré ju ìkejì lọ. Ẹ wo tiyín: 7.3 GB jẹ́ nǹkan bíi 3,827,000 sẹ́kítọ̀, ìlàjì ẹ̀ ń lọ sí 1,913,500, ipele àkọ́kọ́ lórí DVD+R (irú àwo òfìfo kan) onípele méjì ò sì lè gbà ju 2,086,912 lọ. Àárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn, bíi 355 MB péré, lẹ ti gbọ́dọ̀ rí ibi tó dáa. Sọ́fítíwia tí kì í bi yín léèrè rárá, ibi tó bá wù ú ló máa gé e sí, ìyẹn ni mo fi ń wò ó pé tiyín ṣe.

Àmọ́ ẹ̀yin gan-an ò tiẹ̀ nílò àròyé yẹn, torí 7.3 GB ò lè wọ àwo onípele kan, onípele méjì ni àwo bàbá yín fúnra ẹ̀, wọ́n ti yan ibẹ̀ fún yín. Ẹ má kó fódà mọ́. Ẹ ní kí ImgBurn ka odindi àwo náà sílẹ̀, á fún yín ní fáìlì ISO ńlá kan, tó jẹ́ ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí àwo, àti fáìlì MDS kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, MDS yẹn ló rántí ibi tí lésà ti ń yíjú. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ọ̀nù, MDS lẹ máa mú o, kì í ṣe ISO. Ẹ̀ṣẹ̀ táwọn èèyàn máa ń dá gan-an nìyẹn, èmi náà ti dá a rí, odindi àwo kan ló bá a lọ.

Ẹ ra DVD+R, kẹ́ ẹ fi DVD-R sílẹ̀, torí àwọn dráìfù kan lè sàmì sí DVD+R bíi DVD-ROM, ìyẹn àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀, àwọn pléyà àtijọ́ á sì gbà á wọlé láìjanpata. Àwo Verbatim lèmi máa ń lò. Ẹ bọ́ọ̀nù ẹ̀ ní ìyára 4x tàbí 2.4x, 2.4x á gbà tó ìṣẹ́jú 43 tí àwo bá kún, ẹ lọ jẹun kẹ́ ẹ tó padà, ẹ má sì yọ àmì kúrò lórí Verify, òun ló ń yẹ ohun tó kọ wò.

Ti ẹni tó ní kẹ́ ẹ fún un pọ̀, sọ́fítíwia DVD Shrink ló ń sọ, èyí tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ jáde ní 2004, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n láti 7.3 GB sí 4.38 GB tí àwo onípele kan lè gbà, bíi ìdá méjì nínú márùn-ún àwòrán bàbá yín ló ń lọ, ẹ̀dà kan ṣoṣo sì nìyẹn! Ẹ má ṣe é.

Ẹ tọ́jú ISO àti MDS náà sórí hard disk pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Linux lèmi ń lò ní tèmi, fọ́tò àti fídíò lásán ni mo fẹ́ kó sórí onípele méjì, fáìlì kan tó 5 GB, ó ń kọ̀.

Ìdáhùn: K3b, sọ́fítíwia tó ń bọ́ọ̀nù àwo lórí Linux, á ṣe é. Fáìlì tó bá ju 4 GB lọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ISO9660, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí àwo, ẹ yan UDF, ọ̀nà míì tó gba fáìlì ńlá, nínú sẹ́tínǹgì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ti ibi tí lésà ti ń yíjú, ẹ gbàgbé ẹ̀, fáìlì lásán ò bìkítà, ibi tó bá wù ú ni kó yíjú sí.