Owó Tí N Ò Retí Wọlé, Ṣé Kí N Gbẹ́ Yàrá Sábẹ́ Ilẹ̀?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, owó òjijì ni gbogbo wọn dá lé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro ni wọ́n sì ti wá, àwọn tí òyìnbó ń pè ní prepper. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn o, n ò ní parọ́, bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ju ìbọ̀sẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò bàbá mi kan tí a ò gbúròó ẹ̀ tipẹ́ ló kú, ló bá fi owó sílẹ̀ fún mi, owó gidi, n ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣì rántí orúkọ mi. Láti bí ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kó nǹkan jọ díẹ̀díẹ̀, ìrẹsì, ẹ̀wà, omi, tọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí tí owó dé mo ti kọ líìsì: yàrá abẹ́ ilẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá tó lè gbé gbogbo ilé, awò tí wọ́n fi ń ríran lóru, àti oúnjẹ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ń lo ọdún 25. Ìyàwó mi ka líìsì náà tán, ohun tó sọ ò ju "òrùlé tó ń jò ńkọ́?" lọ. Látìgbà yẹn a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ bá wa dá sí i. — Ajogún

Àbúrò mi, ìyàwó ẹ ló jàre.

Kó o tó bínú, jẹ́ kí n bi ẹ́, ṣé gbèsè wà lọ́rùn ẹ tí èlé ń gùn lórí? San án ná. Yọ ìnáwó ilé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sọ́tọ̀, kó o jẹ́ kí ìyókù jókòó sí báǹkì fúngbà díẹ̀ títí ara ẹ á fi balẹ̀, torí líìsì tí èèyàn kọ lọ́sẹ̀ tí owó wọlé, ayọ̀ ló kọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò dùn létí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun ló máa ń kan ilẹ̀kùn wa jù, iṣẹ́ tó bọ́ ni, àìsàn ni, páìpù tó bẹ́ lóru ni.

Bí mo ṣe ń rò ó nìyí: owó kékeré ti mọ iṣẹ́ ẹ̀. Òun ló ra ìrẹsì àti tọ́ọ̀ṣì yẹn fún ọdún mẹ́fà, ó ṣì máa rà á lọ. Owó ńlá tó dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí èèyàn ò lè rà ní ṣíbí-ṣíbí ni kó o fi ṣe. Òrùlé wà nínú ẹ̀, o ò lè kan ìdajì òrùlé lọ́dún yìí kó o kan ìdajì tó kù lọ́dún tó ń bọ̀, òjò ò ní dúró dè ẹ́.

Òrùlé yẹn náà sì ni omi ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìyàwó ẹ jàre. Tí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú mítà kan lóròó, omi lítà kan nìyẹn. Jẹ́ ká ní òrùlé ẹ bo ìlọ́po 50 irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò mìlímítà 10 péré, tí kò tiẹ̀ le, ti fún ẹ ní nǹkan bí lítà 500, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ á ṣòfò nínú ẹ̀. Èèyàn kan nílò bíi lítà mẹ́rin lóòjọ́ fún mímu àti ìmọ́tótó díẹ̀, ṣírò ẹ̀ fún ẹni mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan. Gọ́tà tó dáa, tánkì tó ní ìdérí tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀, fílítà, ó parí. Kó o tó mu ún, sẹ́ ẹ kó mọ́, kó o wá jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá sí iná, bulíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà tí agbára ẹ̀ wà láàárín 5 sí 9 nínú 100, ẹ̀kán méjì sí lítà kan, dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bulíìṣì máa ń rọ o, má fi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe é. Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, n ò rò pé tánkì ni wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ ó bá a mu.

Ó wá ku jẹnẹrétọ̀. Lóṣù kẹsàn-án 2017 ìjì Maria ba iná gbogbo erékùṣù Puerto Rico jẹ́, ó tó oṣù mọ́kànlá kí ó tó padà dé ilé gbogbo èèyàn. Fojú inú wo jẹnẹrétọ̀ ńlá ẹ tó ń mu epo fún oṣù mọ́kànlá, níbo lo ti fẹ́ rí epo? Pẹtiróòlù tó o bá sì tọ́jú, bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ló ti ń bàjẹ́, àyàfi tó o bá fi oògùn epo sí i. Èmi á kọ́kọ́ gba sólà pẹ̀lú bátìrì lithium iron phosphate. Bátìrì volt 12 ti 100Ah (ampere-wákàtí 100) kan máa ń gbé bíi wáàtì-wákàtí 1,280, o lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó o tún cháàjì ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, nígbà tí bátìrì olójé ò fẹ́ kó o lò ó kọjá ìdajì, tó o bá sì ń fipá lò ó tán kì í pẹ́ kú. Méjì nínú ẹ̀, sólà bíi wáàtì 800, fíríìjì tí kò jẹ iná jù, gílóòbù, fóònù àti rédíò ti wà láyé nìyẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé wàá máa lò ó lónìí tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀, owó iná á sì dín kù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lè wà lẹ́yìn fún ọjọ́ tí oòrùn ò yọ, ṣùgbọ́n ìta ni, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ má kọjú sí fèrèsé. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín yẹn, ò ní àwọ̀, kò rùn, ó kàn ń pani ni, àwọn kan kú bẹ́ẹ̀ ní Texas lóṣù kejì 2021 níbi tí wọ́n ti ń wá ooru nígbà tí iná lọ. Ra aláàmù ẹ̀, kò wọ́n.

Oúnjẹ ọdún 25 kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìrẹsì funfun tó gbẹ, tí a dì sínú ọ̀rá Mylar tó nípọn pẹ̀lú pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa oxygen, tí a tọ́jú síbi tó tutù, lè lo iye ọdún bẹ́ẹ̀, ìwọ fúnra ẹ sì lè dì í nílé. Ìrẹsì tí wọn ò bó èèpo ẹ̀ ni kò gbà bẹ́ẹ̀, òróró inú ẹ̀ á kan láàárín oṣù díẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dì tẹ́lẹ̀, yí i padà kó o ka iye kalori tó wà nínú ẹ̀, má wo iye abọ́ tí wọ́n kọ síwájú, àwọn kan máa ń ka ife ohun mímu ṣúgà mọ́ ọn, àgbàlagbà sì ń fẹ́ bíi kalori 2,000 lóòjọ́.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Tí àgbàrá bá dé, ibẹ̀ lomi ń kọ́kọ́ wọ̀, tí iná bá ń jó àdúgbò o ò gbọ́dọ̀ sá wọ inú ihò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gba ẹ̀rọ tí yóò máa jẹ owó lọ. Awò ìríran òru, ta lo fẹ́ máa wò gan-an?

Mo fẹ́ fi ohun kan kún líìsì ẹ tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Lọ tún eyín ẹ ṣe. Lọ́dún kan ìjì gé iná wa fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ní gbogbo nǹkan, fílítà, sítóòfù, rédíò tí a ń fọwọ́ yí, eyín ẹ̀yìn kan tí mo ti ń sún síwájú látọdún tó kọjá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí lóru àkọ́kọ́. N ò gbádùn ìkankan nínú ohun tí mo rà, iyọ̀ àti omi gbígbóná ni mo fi lo ọjọ́ mẹ́rin náà. Eyín, awò ojú méjì, àyẹ̀wò ara, kíláàsì ìtọ́jú ìfarapa fún ìwọ àti ìyàwó ẹ. Kò sẹ́ni tó lè jí ìyẹn gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ilé àjà kẹta ni mò ń gbé, mo háyà ni. Owó oṣù tí wọ́n jẹ mí ni wọ́n ṣàdédé san, kì í ṣe owó ọlọ́lá. Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi, insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, ni wọ́n ń lò. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Àbúrò yín, Lókè

Ọ̀dọ̀ Màmá ni. Bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ bóyá ẹ lè máa ní ti oṣù kan lọ́wọ́ ju iye tẹ́ ẹ̀ ń lò lọ. Èyí tẹ́ ò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín, tó bá ti dì kó dànù ni o. Ọ̀pọ̀ èyí tẹ́ ẹ ti ṣí lè wà níta fíríìjì fún bí ọjọ́ 28 tí ooru ò bá pọ̀, ẹ ka ìwé inú páálí torí wọn ò dọ́gba. Nítorí náà, fíríìjì kékeré tó ń lo volt 12 àti bátìrì alágbèéká ni mo máa rà, tẹ́ ẹ bá kó kúrò níbẹ̀ ẹ gbé e dání.

Omi lítà kan, kílò kan ni. Tánkì lítà 1,000 di tọ́ọ̀nù kan lórí àjà onílé, ẹ má dán an wò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tẹ́ ẹ tò káàkiri ẹ̀gbẹ́ ògiri tó. Jẹnẹrétọ̀ lórí báńkọ́nì, rárá. Kẹ́ ẹ tọ́jú owó pépà kéékèèké sílé pẹ̀lú, lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin 2025 tí iná lọ ní Sípéènì àti Pọtogí, ọ̀pọ̀ ibi ni káàdì ò ti ṣiṣẹ́, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ló rí nǹkan rà.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi gbogbo ẹ̀ ra wúrà? — Oníwúrà

Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí ná, tó bá ṣẹ́kù rà á, kó o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bá ẹ ṣẹ́ wúrà lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ ra búrẹ́dì. Kó o sì sọ ibi tó o fi sí fún ẹnì kan nínú ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ri tiẹ̀ mọ́ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìrẹsì, kò sọ fún ìyàwó ẹ̀, ìyàwó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ta aládùúgbò lọ́rẹ. Obìnrin yẹn dáa, ó gbé e padà wá, àmọ́ ó ti jẹ ìrẹsì ẹ̀.