Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ọkọ Mi Ń Ti Èkó Bọ̀, Ìyá Rẹ̀ Ló Ń Sùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Oṣù Keje, 2020

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú èyí tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì lákòókò àrùn Kòrónà yìí. Ẹ má bínú pé ti àkọ́kọ́ gba àyè ju àwọn yòókù lọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìyámoyè ní Kogí ni mo ń gbé. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa nínú oṣù Kẹta, kọ́bọ̀ ò wọlé, àkàrà ni mò ń dín láàárọ̀. Èkó ni ọkọ mi ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Oṣù Kejì ni a fojú kan ara wa kẹ́yìn. Bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní kí àwọn ènìyàn lè máa ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn láti ọjọ́ 1 oṣù yìí, ó pè mí pé òun ń bọ̀. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni a ní. Ìyá ọkọ mi jẹ́ ẹni ọdún 76, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni èmi àti wọn ń sùn. Àwọn ọmọ mẹ́ta wà ní yàrá kejì. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó sùn lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 bó bá dé. Ó ní, "Oṣù márùn-ún ni mo fi sùn lọ́tọ̀ l'Ékòó. Àbí o ti rí ẹlòmíràn ni?" Ó ní ara òun le, òun ò wúkọ́ rí. Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ń fẹ́ ọkọ mi, ẹni ọdún 38 ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìyá ọkọ mi. Kí ni kí n ṣe?* — Ìyá Tọ́lá

Ìyá Tọ́lá, mo ti pè ọ́ lórí fóònù kí ìwé yìí tó jáde, torí ọkọ tó ti ń dá sùn láti oṣù Kejì ò ní dúró de ìwé ìròyìn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ilé tó dà bíi tìrẹ pọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà.

Ṣé kí n kọ́kọ́ mú ti ìjọba kúrò nílẹ̀? Àwọn kan á sọ fún ọ pé kò sí Kòrónà ní Kogí, pé ariwo lásán ni. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn, ka ẹni méjì àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ wa, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní àwọn ò gbà. Èmi ò dá sí ìjà yẹn. Èkó ni ọkọ rẹ ti ń bọ̀, Èkó kò sì sí nínú ìjà náà: ibẹ̀ ni àrùn yìí ti mú ènìyàn jù ní gbogbo Nàìjíríà.

Kòrónà kì í ṣe àrùn abẹ́, kì í ṣe ẹbí àtọ̀sí. Imú àti ẹnu ló ń gbà jáde, òun náà ló ń gbà wọlé, nínú itọ́ wẹ́wẹ́ àti èémí, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, tí a ń rẹ́rìn-ín, tí a ń wúkọ́, tí a ń mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyàwó rẹ̀ sùn tí èémí wọn ò ní pàdé? Nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ, tí àwọn méjèèjì ò sì fẹ́ kí ìró jáde? Èyí ló fi di ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ara mi le" tí ọkọ rẹ wí, kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Àrùn yìí sábà máa ń gba ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó hàn lára, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 14. Ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú kí ibà tó mú ẹni tó ní in, ó ti lè kó o ran ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn wà tí nǹkan kan ò ní ṣe rárá, tí wọ́n á gbé e wálé, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún àgbà ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọdún 76: bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí mi ò fẹ́ kí Kòrónà rí, ìyá ọkọ rẹ ni.

Ó yá, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò oṣù oyún. Ọ̀nà kan ni kí àwọn ọmọ kó sí pálọ̀, kí Bàbá Tọ́lá nìkan gba yàrá wọn, kí fèrèsé rẹ̀ ṣí tọ̀sán-tòru, kí ó máa jẹun níta lábẹ́ igi, kí ó bo imú bó bá gba pálọ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, bí ara rẹ̀ bá ṣì le, kí ó wọlé. Ọ̀nà kejì ni kí ìwọ náà bá a wọ yàrá yẹn láti alẹ́ ọjọ́ tó dé. Mo gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀ lórí fóònù nígbà tí mo sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, o lè ṣe é, ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ náà ti di ẹni tó ti Èkó dé. Tọ́lá ni yóò máa se oúnjẹ Màmá, òun ni yóò máa fún wọn lóògùn, o ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ti èyí, ọjọ́ 14 kan ò tó. Bó bá gbé e dé, tí ó kó o ràn ọ́ ní ọjọ́ kẹwàá, tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ka 14 lọ́nà méjì kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó sún mọ́ Màmá. Àkàrà náà yóò dúró.

Ọ̀nà kẹta ni mo mọ̀ pé ọkàn rẹ wà: kí Bàbá Tọ́lá wà ní yàrá tirẹ̀, kí gbogbo ilé rí i pé ó wà lọ́tọ̀, kí o máa yọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní aago kan òru, kí o sì ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá kí wọ́n tó jí gbàdúrà. Ọmọ mi, èyí ni mo kọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ àti ọkọ rẹ nìkan lẹ ń gba ewu náà fún ara yín, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ni, mi ò ní yọjú sí i. Ṣùgbọ́n ewu tí ẹni méjì gbà, tí wọ́n wá lọ gbé e lé ẹnì kẹta tó ń sùn lọ́wọ́, ìyẹn ti yàtọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé orí àga ni mo jókòó sí tí mò ń pàṣẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nínú oṣù Karùn-ún, bàbá àwọn ọmọ mi dé láti Àbújá, níbi tó ti há sọ́dọ̀ ọmọ wa nígbà kónílé-ó-gbélé. Ẹni ọdún 68 ni, èmi 63, àwa méjì péré la wà nílé wa n'Ísánlú. Mo fi í sí yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó iṣu sí. Ní ọ̀sán, yóò gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, èmi á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹ mọ ohun tí bàbá yìí ń ṣe? Yóò tẹ̀ mí láago. Mò ń wò ó bó ṣe ń gbé fóònù sétí! "Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?" Màá ní, "Mo ti jẹun, sà." Káàdì tí a sun lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, òjò ńlá kan rọ̀. Páànù yàrá ẹ̀yìn ń jò láti ọdún tó kọjá. Mo gbọ́ tó ń fi ìka kan kan ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ kàn án bí onílé. Mo ṣí i. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé matírẹ́ẹ̀sì lórí, omi ń kán létí aṣọ rẹ̀, ó ti so ìbòmú mọ́ ẹnu, ìbòmú náà ti tutù gbindin. Èmi tí mo ti fi ọdún 34 kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, mo ní kó wọlé. Mi ò sọ ohun tó kù.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, mo ṣírò ohun tí mo ṣe. Mo pe ìyá mi ní Mọ́pà pé mi ò ní lè wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mi ò lọ ọjà. Wọ́n sìnkú ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo fi owó ránṣẹ́, mi ò yọjú, àwọn kan nínú ẹbí ò tíì dárí jì mí títí di òní. Iye tí alẹ́ ọjọ́ yẹn ná mi nìyẹn, èmi ni mo san án. Kò sí nǹkan tó ṣe wá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kì í fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan kù tí mo bi ọ́ lórí fóònù: "Ǹjẹ́ o ti bi Màmá fúnra wọn?" O dákẹ́. Gbogbo yín ń dá ẹjọ́ ẹ̀mí wọn, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n síbi ẹjọ́. Ìyá tó bí ọkọ rẹ mọ ohun tí oṣù márùn-ún jẹ́. Ní ọjọ́ kejì lo tẹ̀ mí láago, tí ẹ̀rín ò jẹ́ kí o lè sọ̀rọ̀: Màmá ní kí o di ẹrù àwọn lọ sílé ọmọ àwọn obìnrin ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé kí Bàbá Tọ́lá tó dé, pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọ́ rìn lóru nítorí àwọn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Jọ̀wọ́, kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tí yóò tó oṣù kan sínú ẹrù náà, kí ẹlòmíràn má sì ti Èkó wá kí wọn níbẹ̀.

Ní ti "àbí o ti rí ẹlòmíràn": ẹni tó ti wà l'Ékòó fún oṣù márùn-ún ló bèèrè, òun náà lè dáhùn tirẹ̀. Àyẹ̀wò HIV ò ná yín ní nǹkan kan ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ padà.

*Màmá, ọlọ́kadà ni mí ní Kàbà, ọmọ ọdún 26. Mo ní ọ̀rẹ́bìnrin méjì, ọ̀kan ní Kàbà, ọ̀kan ní Lọ́kọ́ja. Bí mo bá lo rọ́bà, ṣé Kòrónà ò ní mú mi?* — Ọmọ Kàbà

Rọ́bà ò bo imú. Àtọ̀sí, HIV àti oyún ló ń dènà, nítorí náà máa lò ó lọ, má tìtorí Kòrónà pa á tì. Ṣùgbọ́n ìwọ ń gbé àlejò mẹ́wàá, ogún, lẹ́yìn lójúmọ́, wọ́n ń mí sí ọ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà o gba Ọ̀bàjànà lọ sí Lọ́kọ́ja, o sì tún padà sí ti Kàbà. Àwọn elétò ìlera ìlú New York gbé ìwé jáde nínú oṣù Kẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní ẹni tí ewu rẹ̀ kéré jù láti bá ṣeré ni ara ẹni, ẹni tó tẹ̀ lé e ni ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìjọba ló kọ ọ́. Ti Netherlands ní oṣù Karùn-ún tún sọ ọ́ kalẹ̀ fún àwọn tí ò lọ́kọ tí ò láya: kí wọ́n bá ẹnì kan ṣoṣo ṣàdéhùn, kí méjèèjì má sì kó ara wọn káàkiri. Ẹnì kan ṣoṣo, Ọmọ Kàbà. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni, mi ò lè bá ọ yàn án.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti tọ́jú ọkọ mi, ibà Lassa ni wọ́n pè é. Ó ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ ti yá. Àwọn ará ilé ní Kòrónà nìkan ni ká máa sá fún báyìí.* — Ìyàwó Ilé, Ìyàrá

Ẹ kú ewu. Lassa ò ti Èkó wá, eku ilé ló ń tọ̀ ọ́ sínú oúnjẹ wa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Kòrónà lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì nìyí: ara ọkùnrin lè ti yá pátápátá, kí kòkòrò Lassa ṣì wà nínú àtọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí, rọ́bà wúlò gan-an. Ẹ lo rọ́bà fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, láìfo ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ ní sùúrù. Bí ibà bá mú ọ láàárín àkókò yìí, má ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé Lassa ti wọ ilé yín. Gààrí tó wà nínú àpò ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná yẹn, gbé e sínú ike tó ní ìdérí lónìí.