Ọmọ 42, Òye Kò Dọ́gba: Báwo Ni Kí Olùkọ́ Kan Ṣe Kọ́ Wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ kíláàsì kẹta ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ 42 ni mo sì ń kọ́. Àwọn kan ń kàwé geere, àwọn kan kò tíì dá lẹ́tà mọ̀ tán. Nínú ìṣirò, àwọn kan ti ń ṣe ìsọdipúpọ̀, àwọn mìíràn kò lè yọ 7 kúrò nínú 15 láìka ìka ọwọ́. Bí mo bá dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn, ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò dilẹ̀, wọn yóò sì máa pariwo. Bí mo bá sì ń bá ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀gá wa ní kí n pín wọn sí àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Ó dára kí ẹ pín wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà tí ọ̀gá yín là sílẹ̀ yẹn. Ọmọ kan lè máa wọ́ lẹ́yìn nínú ìwé kíkà, kí ó sì jẹ́ pé òun náà ló ń bá ìyá rẹ̀ tajà, tí ó ń ṣírò ṣéńjì lórí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí bíírò mú. Orí ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn ni kí ẹ ti pín wọn. Ipò tí ọmọ gbà ní sáà tó kọjá kò lè sọ èyí fún yín. Ẹ ní láti wádìí rẹ̀ lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àyọkúrò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kọ 52 − 27 sí ojú pátákó. Ìdáhùn rẹ̀ ni 25, ṣùgbọ́n 35 ni ẹ ó rí nínú ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ. Bí ẹ bá kàn fi bíírò pupa fa igi sí i, gbogbo wọn yóò dà bí ẹgbẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà rárá. Ọmọ kan rí 2 lókè àti 7 nísàlẹ̀, ó rí i pé 2 kò tó, ó bá yí wọn padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Lẹ́yìn náà ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó kọ 3. Ọmọ kejì mọ̀ pé ó yẹ kí òun yá mẹ́wàá. Ó yá a, ó sọ 2 di 12, ó yọ 7 kúrò, ó kọ 5. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé 5 tí òun yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 4, òun náà sì kọ 3. Ẹ wá fún àwọn méjèèjì ní 64 − 28, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 36. Bí wọ́n bá tún ṣe bí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, 44 ni ọmọ àkọ́kọ́ yóò kọ, 46 ni ti èkejì, ẹ ó sì ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kọ́ wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ àkọ́kọ́ kò tíì mọ̀ pé 5 tó wà nínú 52 jẹ́ ẹ̀wá márùn-ún, nítorí náà ẹ má tíì fún un ní ìṣirò orí ìwé sí i. Ẹ kó igi ìgbálẹ̀ jọ, ẹ fi rọ́bà di mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó to ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó kó 27 kúrò níbẹ̀. Kò ní lè ṣe é láìtú ìdì kan, títú yẹn gan-an sì ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ kejì kò nílò ìdì igi kankan. Ẹ kọ́ ọ kí ó máa fa ìlà sí 5 kí ó sì kọ 4 sórí rẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì fún un ní bíi mẹ́fà ṣe. Àwọn tó gbà á ńkọ́? Ẹ má fi ogún ìṣirò irú èyí tí wọ́n ti mọ̀ jẹ wọ́n níyà. Ẹ fún wọn ní 302 − 147, níbi tí òdo wà láàárín, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi ọjà ọ̀sán tàbí gàrí hun ìbéèrè fún ara wọn.

Ní ti ìwé kíkà, ọ̀nà kan wà tí àjọ Pratham ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai ní ọdún 1995, ti mú gbajúmọ̀. Wọ́n máa ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó kàwé sí wọn létí: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré. Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni wọ́n ti ń bá a bẹ̀rẹ̀, kíláàsì yòówù kí ó wà. Ẹ lè kọ tiyín sórí páálí lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ti Yorùbá bá ni, ẹ fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sí ara ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà, nítorí pé ọmọ lè mọ gbogbo lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí àmì ohùn ṣì máa dà á láàmú.

Ní ti ìṣirò, èdè tí ọmọ ń sọ nílé ni kí ẹ fi wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kan ìṣirò pẹ̀lú. Ọmọ tí ó dákẹ́ nígbà tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì bi í lè máà ní ìṣòro ìṣirò kankan.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35. 42 yín ti kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má pín wọn ju ọ̀nà mẹ́ta lọ. Kọ́ gbogbo kíláàsì pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó jókòó ti ẹgbẹ́ kan, kí àwọn méjì tó kù máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n lè dá ṣe láìpè yín. Ní ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ mìíràn ni kí ẹ jókòó tì. Ariwo díẹ̀ yóò wà, kò burú. Ẹ lè ní kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di igbákejì olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ni òun náà wá kọ́.

Orúkọ tí ọ̀gá yín dá lábàá ni mo kọ̀ jù lọ, nítorí pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ á ti sọ ọ́ di “àwọn olódo”. Ẹ máa tún àwọn ẹgbẹ́ náà pín ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ti ìṣirò má sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìwé kíkà. Bí ọ̀gá yín bá ń bẹ̀rù ìdánwò ìparí sáà, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín fún wọn kí wọ́n rí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ sí 64 − 28 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àti ohun tí ó kọ sí i ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.