Ìgbín odò wo ni wọ́n fẹ́ tà fún yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìrẹsì ni mo ń gbìn sí àkùrọ̀ ní Ìgbẹmọ-Èkìtì. Ẹnìkan fẹ́ ta ìgbín odò kan fún mi, ẹyin rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kíá ló ń pọ̀, pé mo lè sìn ín láàárín ìrẹsì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ìṣáwùrú tí à ń ṣà lódò wa kọ́ nìyẹn. Bí ẹyin náà bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣù mọ́ ara koríko lókè omi, ìgbín Pomacea láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni mo fura sí.

Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yìí ló gbé e dé Taiwan ní nǹkan bí ọdún 1980. Wọ́n sìn ín títí, kò dùn lẹ́nu àwọn tó ń rà á, ọjà kú, ni wọ́n bá ń dà á sódò. Ó sì wọ oko ìrẹsì káàkiri Éṣíà. Ní 2020 wọ́n rí i ní Mwea ní Kẹ́ńyà, ìyẹn oko ìrẹsì ńlá. Pé ó ti dé Áfíríkà yìí ló ń kó mi lọ́kàn sókè.

Ìrẹsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ló fẹ́ràn jù. Á gé e nídìí lóru, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó bá omi lásán. Ìṣù ẹyin kan lè pa ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má sì gbójú lé ẹ̀ẹ̀rùn: inú ẹrẹ̀ ló ń wọ̀, á pa ìdérí rẹ̀ dé, ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀.

Ní Sípéènì, níbi tí odò Ebro ti ń wọ òkun, wọ́n rí i ní 2009. Omi òkun ni wọ́n tú sínú oko kí iyọ̀ lè pa á. Àwa ará òkè Èkìtì ò ní òkun nítòsí. Bẹ́ẹ̀, ohun tó bá bọ́ sínú odò Ògbèsè lọ́dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, síhà àbàtà etí òkun.

Bí ẹ bá ti gba díẹ̀, ẹ má dà á sódò tàbí sí ààtàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ó lè gbé aràn tó ń wọ ọpọlọ ènìyàn. Ẹ da omi híhó lé e, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Ẹyin tí ẹ bá rí lára koríko, ẹ fọ́ ọ kó tó pa. Ẹ ta àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ síbi tí omi ń gbà wọ oko. Pẹ́pẹ́yẹ náà ń jẹ àwọn kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìrẹsì le díẹ̀ kí ẹ tó tú wọn sí i.

Bó bá jẹ́ owó ìgbín lẹ ń wá, ẹ sin ìgbín inú igbó tiwa nínú ọgbà lókè ilẹ̀, kó jìnnà sí àkùrọ̀.