Lẹ́tà Iléeṣẹ́ Omi àti Páìpù Òjé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Chicago ni mò ń gbé, nínú ilé kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní 1928. Iléeṣẹ́ omi kọ̀wé sí mi pé àwọn kò mọ̀ bóyá òjé ni páìpù tó gbé omi wọ ilé mi. Ṣé omi náà ti bàjẹ́ ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n ń sọ ọ́?

Ìdáhùn: Omi yín kò yí padà, òfin ló yí padà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló pàṣẹ pé, kó tó kọjá ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2024, kí gbogbo iléeṣẹ́ omi ti ka páìpù tó wọ ilé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ̀wé sí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ òjé àti ẹni tí tirẹ̀ kò dá wọn lójú. Ní Chicago, òfin ìlú fúnra rẹ̀ ló sọ páìpù òjé di dandan fún àwọn ilé kéékèèké, títí di 1986 tí ìjọba àpapọ̀ fi kà á léèwọ̀. Ìdí nìyí tí irú rẹ̀ fi tó nǹkan bí 400,000 níbẹ̀. Lójú tèmi, òjé ni kí ẹ kà á sí títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i.

Fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ omi, kíkà yẹn kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Òfin tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 2024 dín ìwọ̀n òjé tó ń mú kí iléeṣẹ́ omi gbé ìgbésẹ̀ kù, láti máíkírógíráàmù 15 sí 10 nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n ibi tó ká wa lára jù ni bí a ó ṣe máa bu omi àyẹ̀wò. Tẹ́lẹ̀, lítà àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ là ń bù, bẹ́ẹ̀ páìpù inú ilé ni ìyẹn sùn sí. Lítà karùn-ún ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó sùn sínú páìpù tó ti títì wọlé. Iléeṣẹ́ tó bá gbọ́n ti ń bu ìyẹn wò báyìí, kí 2027 tí òfin yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó dé, nítorí pé fọ́sífétì tí à ń pò mọ́ omi kí ó lè bo inú páìpù kì í ṣiṣẹ́ lóòjọ́: díẹ̀díẹ̀ ló ń lẹ̀, bí dúdú ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìlú Flint ní Michigan yí orísun omi padà ní 2014 láìfi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i, òjé sì wọ inú omi tí àwọn ọmọdé ń mu.

Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé yín, níbi tí páìpù ti gba ara ògiri wọlé, kí ẹ fi etí kọ́bọ̀ ha á díẹ̀. Bó bá rọ̀, tó ń dán bí fàdákà, tí òòfà kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Bàbà máa ń pọ́n. Òòfà a sì máa lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi asẹ́ tí wọ́n kọ NSF/ANSI 53 (àmì ìlànà ìdánwò asẹ́ omi) sí lára, tí wọ́n sì sọ pé ó ń mú òjé kúrò, sẹ́ omi mímu àti omi oúnjẹ ọmọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sísè: iná a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n tí ẹ bá se omi tó ní òjé, omi ló ń dín kù, òjé kò kúrò níbẹ̀.