Kí ni ìjọba ń ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá forúkọ sílẹ̀?

Ẹ̀yin aláró Òṣogbo tí ẹ bèèrè, kì í ṣe owó ọ̀fẹ́ o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1993 ní kí ẹ tó ènìyàn 10, ó kéré tán. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ẹgbẹ́ lè ra ilẹ̀, ó sì lè pe ẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀, kódà bí alága bá kú. Ìjọba á tún máa rí i pé wọ́n yẹ ìwé owó yín wò. Lójú tèmi, èyí ló dára jù, torí akápò tó mọ̀ pé olùyẹ̀wò ń bọ̀ á ṣọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ á rówó yá fún iléèwé ọmọ tàbí aṣọ títà, láìlọ sí báńkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ní sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Abẹ́rẹ́.